Rónkẹ́ Sọ Pé Òun Ti Yó

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ilé wa ní Lokogoma ní Àbújá, mo jókòó sídìí tábìlì, mò ń já ẹ̀fọ́ sínú abọ́, ni ohùn obìnrin kan bá kí mi. Ó kí mi dáadáa, ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ò jíire bí?" Ẹnu mi ti fẹ́ là láti dáhùn kí n tó rí i pé inú fóònù Tèmi ọmọ mi ni ohùn náà ti ń jáde. Kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dúró de ìdáhùn mi: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ pé ẹ sùn láìjẹun nítorí pé kò sí oúnjẹ nílé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ oókan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tẹ eéjì."

"Mọ́mì, ṣé Yorùbá ẹ̀ dáa báyìí?" Tèmi bi mí. "Àbí ó ń dún bíi ti pastor òyìnbó?"

Àjọ aláàánú kan ni Tèmi ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti sin ìlú tán. Ẹ̀rọ yìí ló máa pe àwọn àgbàlagbà, ẹ̀rọ ló máa gbọ́ ìdáhùn wọn, ẹ̀rọ kan náà ló sì máa yan ẹni tí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún lóṣooṣù. Kò ní sí alága láàárín, kò ní sí àbúrò ìyàwó alága. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Kubwa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó wá fẹ́ kí n gbọ́ ọ kí wọ́n tó mú un lọ síbòmíràn. Mo wá àléébù sí Yorùbá náà, mi ò rí. Ó dára ju ti Tèmi fúnra rẹ̀ lọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò lè já ẹ̀fọ́ mọ́. Ìbéèrè yẹn ti gbé mi padà sí Kubwa, ọmọbìnrin kan sì ti ń dá ẹ̀rọ náà lóhùn létí mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Kubwa òní wo ti ìgbà tí mò ń wí. Èèyàn lè rìn láti ilé wa dé etí odò láìpàdé ọkọ̀ kan. Ilẹ̀ pupa ni, eruku pupa ni, aṣọ funfun tí a wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń di pupa kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìparí. Ìjọba ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti Èkó nígbà náà, bàbá mi sì wà lára àwọn tí wọ́n kó. Àwa tí a jẹ́ Yorùbá Okun, tí a ti mọ àpáta àti òkè dunjú nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún wa. Àwọn ọmọ Èkó ló ń sunkún.

Ilé tí a háyà, yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá kan ká, igi máńgòrò kan wà láàárín. Bàbá Gbàgyí kan ló ni ín. A kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tiwa, Haúsá díẹ̀ tí gbogbo wa gbọ́ ni a fi ń kíra. Bí mo bá ní "Sànnu, Bàbá," á ní "Yauwa, yauwa." Odindi oṣù kan ni mo fi rò pé Yauwa ni orúkọ rẹ̀.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni ti Rónkẹ́. Ará Ẹ̀kìtì ni àwọn òbí rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n bí. Ọjọ́ orí wa dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ, ó tinrín, eyín rẹ̀ sì ní àlàfo kan tó máa ń fi súfèé. Àwọn obìnrin Gbàgyí tí wọ́n ń fi èjìká ru igi kọjá níwájú ilé wa ni ó fẹ́ràn jù láyé. Ó máa ń gbé igi ìdáná lé èjìká tirẹ̀ náà, á máa rìn bíi tiwọn, ọrùn gbọọrọ, ojú síwájú gbọnrangandan, títí gbogbo igi náà á fi dà sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni á jókòó sáàárín igi, á máa fi àlàfo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí kí n tó sọ ìyókù.

Nílé wa, bí ẹnikẹ́ni bá bá wa nídìí oúnjẹ, dandan ni ká pè é. Ẹni tí a pè, dandan ni kó kọ̀. Àwa náà, dandan ni ká tún pè é. Màmá mi a máa sọ pé ìpè àkọ́kọ́ ti ẹnu ni, èkejì ti ojú, ẹ̀kẹta ni ti inú, ìgbà ẹ̀kẹta ni ọmọlúàbí tó ń bọwọ́ omi. Èmi kì í sábà dúró de ẹ̀kẹta nílé onílé. Èkejì ni mo ti máa ń wá ibi tí omi ìfọwọ́ wà. Rónkẹ́ ní tirẹ̀, bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohùn kan náà ni. Á kúnlẹ̀, á ní, "Mo ti yó, mà. Á gba ibi ire." Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ń jẹun káàkiri ojúlé, ìyá rẹ̀ ló ń tà lọ́pọ̀.

Màmá mi fẹ́ràn ìdáhùn yẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe orin fún mi. "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́! Ìwọ, bí wọ́n bá pè ọ́ lójú àlá, wàá jí dìde lọ fọwọ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Kugbo ni bàbá Rónkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ló fi ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ní ọjọ́ kan ó kó èmi àti Rónkẹ́ lọ wo ẹ̀rọ tuntun tí ọ̀gá rẹ̀ rà, èyí tí ń fi iná mànàmáná gé igi, tó tún ń gbẹ́ ẹ. Mo ṣì ń rí ojú bàbá náà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló bí ẹ̀rọ ọ̀hún. "Ẹ wò ó," ó ń wí, ó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo ẹ̀rọ náà, "iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló ń ṣe ní wákàtí kan!" Ó jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, ó ṣì gbóná. Kò rò ó pé ọjọ́ mẹ́rin tí òun ń kà yẹn, tòun ni. Kò pé oṣù méjì tí ọ̀gá fi ní kí àwọn agbẹ́gi mẹ́rin, bàbá Rónkẹ́ lára wọn, lọ máa sinmi nílé. Ó wáṣẹ́ káàkiri Nyanya títí, kò rí, ó bá mọ́nà Kàdúná pọ̀n, ó ní òun á máa ránṣẹ́ sílé. A rí lẹ́tà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ìyá Rónkẹ́ kò sọ ohunkóhun fẹ́nikẹ́ni. Ó ń fọṣọ fún àwọn èèyàn ní òdìkejì ọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń wá lónìí, kì í wá lọ́la. Síbẹ̀, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, odó rẹ̀ á dún. Gbù, gbù, gbù. Àwọn ará ilé á ní, "Àwọn Ẹ̀kìtì ti dé ẹnu iṣẹ́ wọn." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ará Ẹ̀kìtì tí kò bá rí iyán jẹ, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí odó bá ti ń dún, ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán mi lọ yá asẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Rónkẹ́. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo bá a tó ń gún odó, mo sì yọjú wo inú rẹ̀, nítorí ọmọ tí ó fẹ́ràn oúnjẹ ni mí. Àkísà tútù kan ló wà níbẹ̀, ó ká mọ́ra. Ìyá Rónkẹ́ dúró, ọmọ odó wà lókè, ó ń wò mí. Rónkẹ́ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbójú sílẹ̀. Mo gba asẹ́, mo dúpẹ́, mo sì sáré lọ sọ fún màmá mi pé inú odó ni àwọn ará Ẹ̀kìtì ti ń fọ aṣọ.

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má ṣe sọ ọ́ lójú ẹlòmíì. Ṣé o gbọ́?" Lọ́jọ́ kejì ó bu gàrí àti ẹ̀wà kún abọ́ kan, ó ní kí n gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Rónkẹ́ ti dá abọ́ náà padà, gàrí àti ẹ̀wà ṣì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó tún fi ọsàn méjì lé e lórí. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní àwọn ní oúnjẹ nílé, kí a fi fún ẹni tí kò ní. Màmá mi kò tún gbìyànjú mọ́. Ó bẹ̀rù kó má lọ dójú tì í láàárín ilé. Àṣírí ni gbogbo wọn ń bò, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó, ọmọ ọlọ́mọ sì wà lábẹ́ ohun tí wọ́n ń bò.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ. Màmá mi ti se ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sí ìpàdé ìyá ìjọ. Mẹ́ta ló kù fún mi, ẹyin sì wà nínú ọ̀kan. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, mo tú ewé, ooru rẹ̀ ń yọ sí mi lójú. Rónkẹ́ wá, ó jókòó sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Wá jẹun." Ó ní, "Mo ti yó. Á gba ibi ire."

Ó yẹ kí n tún pè é. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n màmá mi kò sí nílé láti gbọ́ mi, gbogbo ìyìn tí wọ́n ti fi yin ọmọ yìí sí mi lórí sì wà níkùn mi. Mo tún ń wo ẹyin yẹn. Mo wí nínú ara mi pé, ṣebí ó ti yó, kó máa yó lọ. Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò dìde lọ. Ó ń sọ ìtàn ilé ìwé fún mi, ó ń fi eyín súfèé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo jẹ tán, ó ní kí n kó ewé náà wá, òun á bá mi lọ dà á nù sẹ́yìn ilé. Mo kó o fún un, inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mi ò bi ara mi léèrè ohun tí èèyàn ń fi ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe tó fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sì fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan ẹnu mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Rónkẹ́ ṣubú lórí ìlà nílé ìwé, níbi tí a ti ń kọrin àárọ̀. Olùkọ́ wa gbé e sórí alùpùpù rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Èmi ni wọ́n rán lọ pe ìyá rẹ̀, mo sì bá a sáré débẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ìgbà wo ni ọmọ yìí jẹun kẹ́yìn?" Àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ìyá Rónkẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, ó ní, "Ó jẹun láàárọ̀ yìí." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Rónkẹ́ ti kú. Ibà ni wọ́n ní ó pa á, mi ò jiyàn pé ibà wà lára rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Tèmi ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ̀fọ́ ti rọ sínú abọ́. Mi ò sọ ti ẹyin fún un. Ó ní, "Mọ́mì, Ìyá Rónkẹ́ yẹn náà wà lára àwọn tí ẹ̀rọ pè ní Kubwa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fún mi ní number wọn." Òótọ́ ni, èmi ni mo fún un. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá orúkọ náà kàn. "Wọ́n tẹ eéjì. Ẹ̀rọ ti yọ wọ́n kúrò." Ó wò mí. "Mọ́mì, almost gbogbo àwọn àgbàlagbà ló tẹ eéjì. Ọ̀gá wa ní ìròyìn ayọ̀ ni."

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tó bá rántí bí ìrẹsì ìjọba ṣe máa ń wọ ilé alága lódindi tí á sì jáde ní ife, kò ní bá a jà. Àwọn Yorùbá ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, bí ẹ̀rọ bá sì lè ṣe ìyẹn fún ayé, màá lu pátéwọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ẹ̀rọ yìí láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ta ni ń sọ ebi rẹ̀ fún àlejò nínú wa? Ẹni tí wọ́n fi "a dúpẹ́" tọ́ dàgbà, ọ̀kan wo ló fẹ́ tẹ̀?

A wọ ọkọ̀ lọ sí Kubwa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọdọọdún ni mò ń kí Ìyá Rónkẹ́ nígbà Kérésì, mò ń pè é lórí fóònù, ìdáhùn rẹ̀ kò sì yí padà rí: ara òun le, òun kò ṣaláìní ohunkóhun. A bá a ní yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, ó wọ bùbá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, egungun ọrùn rẹ̀ sì yọ síta débi tí mo fi gbójú kúrò. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àdògán wà níbẹ̀, eérú kankan kò sí nínú rẹ̀. "Ẹ ò kúkú jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ǹ bá ti wá nǹkan sẹ́nu yín."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti ẹyin fún un, mo sọ ti ewé. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pe Rónkẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n tún pè é. Mo sunkún bí ọmọdé lójú ọmọ tí mo bí.

Ìyá Rónkẹ́ fọwọ́ lé mi lórí. "Ìwọ pè é lẹ́ẹ̀kan," ó wí. "Èmi ìyá rẹ̀, mi ò bi í rí bóyá ebi ń pa á. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ dá mi lóhùn."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Tèmi, ẹni tí mo ti sọ fún un pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ tó pè é. "Kí ni ẹ̀rọ yín bi mí lọ́jọ́sí?" Tèmi fẹ́ yọ fóònù, ó tún dá a padà sínú báàgì rẹ̀. Ó sún mọ́ màmá náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò dán mọ́rán bi í pé, "Màmá, ṣé ebi ń pa yín?" Màmá náà wo ọwọ́ wọn méjèèjì.

"Ebi ń pa mí," ó wí. "Ó ti ń pa mí tipẹ́."

Tèmi ti mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì wọn. Ó ní wọ́n á wá àwọn èèyàn tí á máa wọlé tọ àwọn àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ, wọ́n ṣì ń rò ó. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rọ náà ń pe àwọn ẹlòmíì, ó ń kí wọn dáadáa, wọ́n sì ń dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Kubwa ti yí padà débi pé n kò lè fi ojú ilé wa àtijọ́ han ẹnikẹ́ni. Ìtìjú wa ni kò yí padà. A ṣì ń fi kọ́ ọmọ, a ṣì ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé, èmi náà fi kọ́ Tèmi. Mò ń gbìyànjú láti rántí ohùn Rónkẹ́ bí yóò ṣe dún bó bá sọ pé ebi ń pa òun, mi ò sì rí i rántí, nítorí pé kò sọ ọ́ rí.